Ọ̀nà Tí Afọ́jú Là

Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ni èmi àti bọ̀dá mi gbéra ní Manchester, a ń lọ sí Leeds. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé Manchester, kò sì sí kọ̀rọ̀ ọ̀nà tí kò mọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé n kò fẹ́ ká gba mọ́tọ́wéè M62, pé A62 ni mo fẹ́, ọ̀nà àtijọ́ tó gun orí òkè, ó dá ọwọ́ dúró lórí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Àbúrò, kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Orí òkè yẹn kò nílé, kò nígi. Àgùntàn àti òjò nìkan ló wà ńbẹ̀."

"Ẹ jọ̀wọ́, bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀. Mo kà nípa afọ́jú kan tó la ọ̀nà lórí òkè náà. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ilẹ̀ tó tẹ̀."

Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kó mọ́ínmọ́ín sínú kúlà fún wa, ó ní ká mú ẹ̀wù òtútù dání, pé oṣù kẹfà ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí oṣù kẹfà orí òkè. A gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó sì dára tí a gbọ́.

Nǹkan bí 40 máìlì ni A62. Manchester ni orí rẹ̀, Leeds ni ìdí rẹ̀, Oldham àti Huddersfield sì wà láàárín. Ohun tó la Oldham àti Huddersfield láàárín ni mo wá wò: òkè Pennine, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pè ní eegun ẹ̀yìn ilẹ̀ wọn. Òkè yìí kò yọ gọnbu bí Olúmọ. Ńṣe ni orí rẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹ, tó sì ń gba omi òjò dúró bí àwo. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní moor. Pápá òkè ni èmi yóò máa pè é.

Òkè yìí náà ló pín iṣẹ́ fún àwọn tó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ a máa gun òkè náà, ìkùukùu a ṣú, òjò a sì rọ̀. Ọ̀rinrin yìí bá òwú lára mu, nítorí fọ́nrán òwú kì í tètè já nínú afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin. Bẹ́ẹ̀ ni ìhà ìwọ̀-oòrùn òkè ṣe di ilé òwú. Ní ìhà ìlà-oòrùn, omi tó ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ṣe é fọ irun àgùntàn dáadáa, nítorí náà aṣọ onírun àgùntàn ni wọ́n ń hun ní Huddersfield. Òwú níhìn-ín, irun àgùntàn lọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì sì nílò ara wọn. Ẹ ò rí i pé ọ̀ràn ọ̀nà di dandan.

Nígbà tí Oldham wà nínú ògo rẹ̀, kò sí ìlú kan láyé tó ń ran òwú tó o. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíríkì pupa alájà mẹ́rin, alájà márùn-ún, ṣì dúró síbẹ̀, ọ̀pọ̀ fèrèsé wọn ti fọ́. Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá kọjá níbẹ̀ láì rántí Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1850, oníṣòwò Manchester kan, Thomas Clegg, pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, kí wọ́n lè máa ra òwú nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí a fi ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, òwú tó ti ibẹ̀ bọ̀ sì ń dé agbègbè yìí. Ohun tí wọ́n ń wá ni òwú tí òógùn ẹrú kò sí lára rẹ̀, nítorí àwọn ẹrú ló ń gbin ti Amẹ́ríkà nígbà náà. Mo wo àwọn ilé náà láti ojú fèrèsé ọkọ̀, mo sì ń ro ti àwọn ìyá wa tó tẹ̀ba lé òwú nínú oòrùn Ẹ̀gbá. A mọ orúkọ Clegg. A mọ orúkọ Venn. Ta ló kọ ti àwọn ìyá wọ̀nyí sílẹ̀? Ìbéèrè yìí kò fi mí sílẹ̀ títí ìrìnàjò náà fi parí.

Bí a ṣe jáde ní Oldham ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. A kọjá Austerlands, a kọjá Scouthead. Ilé ń dín, ọgbà òkúta ń pọ̀. Òkúta lórí òkúta ni wọ́n fi mọ ọgbà wọ̀nyí, láìsí sìmẹ́ńtì, láìsí amọ̀, wọ́n sì gun orí òkè lọ títí ojú kò fi rí òpin wọn mọ́. Saddleworth ni agbègbè náà ń jẹ́. Yorkshire ló ni ín láti ayébáyé, àfi ìgbà tó di 1974 tí ìjọba gé e kúrò, tó fi í sábẹ́ Oldham, nínú Greater Manchester. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kò tíì gbà títí di òní. Lójú ọ̀nà, a rí àsíá Yorkshire, òdòdó róòsì funfun lórí aṣọ búlúù, tí wọ́n ta síwájú ilé. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ààlà ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń rí nílé wa kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìdí. Ìjọba lè fi ìlà pín ìwé, kò lè fi pín ọkàn.

Ní apá òsì wa, nínú àfonífojì, ni Castleshaw wà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Róòmù kọ́ ibùdó sí ní nǹkan bí ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi, láti máa ṣọ́ ọ̀nà tó ti Chester lọ sí York. Ó ti tó ẹgbàá ọdún, ó dín díẹ̀, tí ọmọ aráyé ti ń wá bí wọn yóò ṣe ré òkè yìí kọjá.

Nígbà tí a dé Standedge, bọ̀dá mi ya ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a bọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ súnmọ́ 400 mítà sí òkè ìtẹ́jú òkun, ó sì ga ju ibi tó ga jù lọ lórí M62, tó jẹ́ 372 mítà. Afẹ́fẹ́ gba fìlà bọ̀dá mi kúrò lórí, a sáré mú un. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pennine Way gba ibẹ̀ kọjá, 268 máìlì, láti àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí wọ Skọ́tíláǹdì. A rí tọkọtaya arúgbó kan tí wọ́n gbé àpò pọ̀n, wọ́n kí wa, a kí wọn, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Mo kúrò lójú ọ̀dà, mo wọ inú koríko. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni òwú. Mo dúró, mo tún un wò. Orí koríko tínrín tínrín ni ó wà, funfun báláú, ó ń mì nínú afẹ́fẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀, títí dé ibi tí òkè ti pàdé ọ̀run. Koríko òwú ni wọ́n ń pè é. Irà ló máa ń hù sí. Ẹnikẹ́ni kò gbìn ín, ẹnikẹ́ni kò sì lè ran án, nítorí fọ́nrán rẹ̀ kò lágbára. Lẹ́yìn òwú Ẹ̀gbá àti òwú Oldham, èyí ni òwú tí òkè fúnra rẹ̀ ní.

Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ilẹ̀ gbà á mì dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo fà á yọ, ó ró pọ̀. Ilẹ̀ dúdú ni, ó rọ̀ bí fùfú tí wọn kò tíì fún, ó sì tutù bí omi àmù. Ewéko tó kú ni gbogbo rẹ̀: omi kò jẹ́ kó jẹrà, ó kàn ń tò jọ lórí ara rẹ̀ ni, nǹkan bí mìlímítà kan lọ́dún. Ìyẹn ni pé ibi tí ilẹ̀ dúdú náà bá ti jìn tó mítà kan, ẹgbẹ̀rún ọdún ló fi ṣe é. Ewéko kékeré kan ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, sphagnum ni wọ́n ń pè é. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fún un. Omi ṣàn láàárín ìka mi bí ìgbà tí a bá fún kànìnkànìn. Nígbà tí mo ṣíwọ́, ohun tó kù kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ewéko yìí lè gba omi tó wúwo tó ìlọ́po ogún ara rẹ̀. Òun ló ń di omi òjò mú kó má baà ya lu àwọn ìlú ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èéfín ilé-iṣẹ́ Manchester àti Oldham pa púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí èéfín náà bá òjò rọ̀, ó sì ba omi jẹ́. Iná tún wá fi kún un. Láàárín oṣù kẹrin ọdún 2019, ní àsìkò Àjíǹde, iná jó nǹkan bí 700 hẹ́kítà lórí pápá Marsden, tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ọ̀nà yìí. Àjọ National Trust ló ni pápá náà láti 1955. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń fi ọwọ́ gbin sphagnum padà, ìdì kékeré lẹ́yìn ìdì kékeré, wọ́n sì ń dí àwọn gọ́tà tí omi ti gbẹ́ kí ilẹ̀ lè mu omi yó lẹ́ẹ̀kan sí i. Àkọlé wà létí ọ̀nà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná níbẹ̀. Sígá kan, tàbí ẹyin iná ẹran sísun kan, lè jó ohun tó gba ẹgbẹ̀rún ọdún.

Orí irú ilẹ̀ yìí ni John Metcalf gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ sí.

Ọdún 1717 ni wọ́n bí i, ní Knaresborough, ìlú kan ní Yorkshire. Àwọn òbí rẹ̀ kò ní lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí Olóde bá a jà, ṣànpọ̀nná sì fọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Ní ayé ìgbà náà, ohun ìkọrin ni wọ́n ń fi lé afọ́jú lọ́wọ́ kó lè rí nǹkan jẹ; wọ́n kọ́ ọ ní fìólíìnì, ó sì mọ̀ ọ́n ta. Ṣùgbọ́n ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Ó kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ó kọ́ bí a ṣe ń gun ẹṣin, ó ta ẹṣin, ó ta ẹja, ó fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó ẹrù láti ìlú dé ìlú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí àjèjì ṣìnà, òun ni wọ́n ń wá lọ kó mú wọn délé. Òkùnkùn tó dá ẹni tó ríran dúró kò dá a dúró. Jack Afọ́jú ni gbogbo ayé ń pè é.

Ní ìgbà náà, ilé aṣòfin ń fún àwọn ìgbìmọ̀ láṣẹ láti ṣe ọ̀nà, kí wọ́n sì gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbà á. Ní 1765, Metcalf gba iṣẹ́ ọ̀nà kékeré kan nítòsí Harrogate. Ó ṣe é tán kí ọjọ́ tó pé, iṣẹ́ náà sì dára. Láti ìgbà náà, nǹkan bí 180 máìlì ọ̀nà ló là ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun nìkan ló máa ń lọ wo ilẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́. Á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, á fi ọ̀pá gún ilẹ̀, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí.

Nígbà tó gba iṣẹ́ ọ̀nà tó gba orí òkè Pule àti Standedge yìí, àwọn tó ríran sọ fún un pé kó gbẹ́ irà náà títí yóò fi kan ilẹ̀ líle. Ó rò ó wò, ó rí i pé owó kò ní tó o, pé omi ni yóò sì kún inú kòtò náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Bí kò bá dúró, òun yóò fi owó ara òun tún un ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó ní kí wọ́n lọ gé heather, igi wẹ́wẹ́ tó ń hù lórí pápá náà fúnra rẹ̀. Wọ́n dì í ní ìdì ìdì, ìdì tí ọwọ́ méjèèjì lè ká. Wọ́n tò wọ́n sórí irà ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n tún to òmíràn lé wọn, wọ́n tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó òkúta àti yangí lé e. Àwọn tó wá wò ó ní ọ̀nà náà yóò rì. Kò rì. Ọ̀nà náà léfòó lórí irà bí ọkọ̀ lórí omi.

Mo dúró nínú ẹrẹ̀ dúdú náà, mo sì rántí oko bàbá mi. Nígbà òjò, imọ̀ ọ̀pẹ ni bàbá mi ń tẹ́ sórí àbàtà kí àwa ọmọ má baà rì nígbà tí a bá ru iṣu. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ilé ìwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tí mo sọ fún bọ̀dá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá kékeré! Mo rántí afárá imọ̀ yẹn dáadáa." A dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń lù wá, ẹnì kankan nínú wa kò sọ̀rọ̀.

Ọ̀dà tí ọkọ̀ ń gbà lónìí ti yàtọ̀ díẹ̀ sí ipa ọ̀nà Metcalf, nítorí àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ gé àpáta kí ọ̀nà lè dín gíga kù. Ṣùgbọ́n ipa àwọn ọ̀nà àtijọ́ ṣì hàn ní ara òkè.

Nígbà tí ọ̀nà orí òkè kò tó mọ́, wọ́n gba abẹ́ rẹ̀. Ní 1794 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò odò àtọwọ́dá kan la òkè Standedge já, kí ọkọ̀ ojú omi lè gba inú rẹ̀ kọjá láti ìhà kan sí èkejì. Ọdún 17 ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ní 1811 tí wọ́n ṣí i, ó lé ní máìlì mẹ́ta, títí di òní kò sì sí ihò ọkọ̀ ojú omi tó gùn tó o, tó jìn tó o, tàbí tó ga tó o ní ilẹ̀ Bìrìtìkó. Nǹkan bí 50 òṣìṣẹ́ ló bá iṣẹ́ náà lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àbúdá ìhà méjèèjì ni mo rí lórí òkè kan ṣoṣo yìí: ọ̀nà tí wọ́n fi ẹ̀sọ̀ tẹ́ sórí irà, àti ihò tí wọ́n fi ẹ̀mí ènìyàn gbẹ́.

A sọ̀ kalẹ̀ sí Marsden, a lọ wo ẹnu ihò náà. Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gba inú rẹ̀, kò sì sí àyè fún ẹṣin tí ń fà á. Nítorí náà wọn a tú ẹṣin sílẹ̀, wọn a dà á gba orí òkè, àwọn ọkùnrin a sì dùbúlẹ̀ lórí ọkọ̀, wọn a máa fi ẹsẹ̀ rìn lára ògiri ihò. Bàbá arúgbó kan tó ń mú àlejò yí ká fi hàn wá. Ó tẹ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀ sórí koríko, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì ń rìn lójú òfuurufú, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀run. "Wákàtí mẹ́ta rèé, bí ẹrù bá kún ọkọ̀," ni ó wí. "Nínú òkùnkùn. Omi ń kán sí wọn lójú." Bọ̀dá mi na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá," ní Yorùbá. Bàbá náà mi orí bí ẹni pé ó gbọ́.

Ọkọ̀ ojú irin wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbẹ́ ihò rélùwéè mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1849, 1871 àti 1894. Ní 1944 ni wọ́n ti odò àtọwọ́dá náà pa, àwọn ará agbègbè kò sì jẹ́ kó kú. Ní 2001 wọ́n tún un ṣí, ọkọ̀ ìgbafẹ́ sì ń gba ibẹ̀ lónìí.

Marsden jẹ́ ìlú kékeré tí òkè yí ká. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìtàn kan tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n ní àwọn baba ńlá wọn ṣàkíyèsí pé nígbàkigbà tí ẹyẹ cuckoo bá dé, oòrùn á dé pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá lọ, òtútù á padà. Wọ́n bá pinnu láti mọ ògiri yí ẹyẹ náà ká kó má lè lọ mọ́, kí oòrùn lè dúró tì wọ́n. Wọ́n mọ ọ́n, wọ́n mọ ọ́n, ẹyẹ fò lọ. Wọ́n ní ìpele òkúta kan ṣoṣo ló kù tí ògiri ì bá fi tó. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ẹyẹ yìí nínú oṣù kẹrin. Ó jọ ààlọ́ wa gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró nínú òtútù Standedge nínú oṣù kẹfà yóò mọ̀ pé ìfẹ́ oòrùn wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ibojì Enoch Taylor wà ní Marsden. Alágbẹ̀dẹ ni òun àti arákùnrin rẹ̀, James. Àwọn ni wọ́n ń rọ ẹ̀rọ tí ń gé irun orí aṣọ kó lè jọ̀lọ̀. Kí ẹ̀rọ náà tó dé, àwọn ọkùnrin kan ló ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú àlùmọ́gàjí ńlá. Iṣẹ́ agbára àti ọgbọ́n ni, ó sì ń bọ́ ọmọ. Ẹ̀rọ gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ní 1812 wọ́n dìde, Luddite ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n ń lọ ní òru fọ́ ẹ̀rọ náà. Òòlù tí wọ́n fi ń fọ́ ọ wá láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ Marsden kan náà, Enoch ni wọ́n sì ń pe òòlù ọ̀hún. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n yìnbọn pa William Horsfall, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ kan ní Marsden, lójú ọ̀nà Crosland Moor bó ṣe ń ti Huddersfield bọ̀ wá sílé. Ní oṣù kìíní 1813, ìjọba so ènìyàn 17 kọ́ ní York nítorí ìrúkèrúdò náà. Ikú Horsfall kò dára. Ebi ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ náà kò dára. Ìwé òfin ìgbà náà ní àyè fún ẹ̀rọ, kò ní àyè fún wọn.

A jẹ mọ́ínmọ́ín nínú ọkọ̀ ní Slaithwaite, a sì dé Huddersfield ní ọ̀sán. Ère Harold Wilson, ọmọ bíbí ìlú náà, wà níwájú ibùdókọ̀ ojú irin. Òun ni olórí ìjọba Bìrìtìkó tó wá sí ìpàdé ní Èkó ní oṣù kìíní 1966, ní ọjọ́ díẹ̀ péré kí àwọn ológun tó gba ìjọba nílé wa. A wò ó, a kọjá.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí a wọ Leeds. Ìlú tí Wole Soyinka ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní 1957 ni, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni mo ní kí bọ̀dá mi mú mi lọ. A rìn lọ sí etí odò Aire. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2023. Orúkọ ọmọ Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́: David Oluwale.

Èkó ni wọ́n ti bí i, ní 1930. Ní 1949 ó fi ara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ ní Hull, ó sì wá sí Leeds. Ó ṣiṣẹ́, ó wá ibi tí yóò gbé. Wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó sì jáde, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn. Àwọn ọlọ́pàá kan ń lù ú, wọ́n ń lé e káàkiri ìlú. Ní oṣù karùn-ún 1969 ni wọ́n yọ òkú rẹ̀ nínú odò yìí, wọ́n sì sin ín bí aláìní. Ní 1971, ilé ẹjọ́ rán ọlọ́pàá méjì lẹ́wọ̀n nítorí lílù tí wọ́n lù ú. Adájọ́ ní wọn kò jẹ̀bi ikú rẹ̀. Àwọn ará Leeds tó lẹ́rìí ọkàn, dúdú àti funfun, ni wọn kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ rì. Ó tó àádọ́ta ọdún àti díẹ̀ kí afárá tó dé.

A dúró ní àárín afárá náà. Àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Mo ro gbogbo ọ̀nà tí a ti gbà láti àárọ̀: àwọn ìyá tó ká òwú Ẹ̀gbá, afọ́jú tó fi ẹsẹ̀ mọ ilẹ̀, àwọn tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ rìn nínú òkùnkùn, àwọn tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ewéko tí kò ga ju ìka lọ tó di omi òkè mú. Ẹni tí ayé kò kà sí ló gbé ayé ró. Ìyẹn ni ọ̀nà A62 fi yé mi, n kò sì tún ní gbàgbé rẹ̀.

Bọ̀dá mi ka orúkọ náà sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Olú wá sílé. Orúkọ ẹni tí kò rílé gbé nìyí." Ó yọ fìlà rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹsẹ̀ yín bá kan Leeds, ẹ gba orí òkè wá bí ààyè bá wà. Ẹ má dáná lórí pápá náà. Bí ẹ bá sì dé orí afárá yìí, ẹ pe orúkọ rẹ̀ sókè, kí ẹ fi ohùn sí i bó ṣe yẹ, bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é nílé: Olúwálé.